Gbàgede Tafawa Balewa ní Èkó: Pápá Ẹṣin, Àsíá Òmìnira àti Ìrántí Àwọn Tó Kú Sójú Ogun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ mọ ibi tí òun ti kọsẹ̀, ẹ̀yìn ló yẹ kó wò. Ṣùgbọ́n inú ìwé nìkan kọ́ ni ẹ̀yìn wà. Ó wà lára ilé, ó wà lójú ọ̀nà, ó sì wà nínú pápá tí ọkọ̀ ń yí po láràárọ̀ láìsí ẹni tó bojú wò ó. Ọ̀kan nínú irú ibi bẹ́ẹ̀ ni Gbàgede Tafawa Balewa ní Oníkàn, ní erékùṣù Èkó, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní TBS. Awakọ̀ ń pariwo orúkọ rẹ̀ ní ibùdókọ̀, èrò ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, oníṣòwò ń tajà ní àyíká rẹ̀. Àmọ́ bí a bá bi èrò inú ọkọ̀ léèrè pé ta ni Tafawa Balewa, kí ló dé tí ẹṣin funfun fi wà lórí ẹnu ọ̀nà, àti pé àwọn wo ni wọ́n ń rántí nínú gbọ̀ngàn tó wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ni yóò dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ló yẹ kó kan olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lára, nítorí pé ní ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti sọ Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè tó dá dúró.

Ojúde kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá

Kí òyìnbó tó dé, ìlú Yorùbá tó bá ní ọba a máa ní ojúde. Iwájú ààfin ni ojúde máa ń wà, ọjà ọba kì í sì í jìnnà sí i. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń jó ijó ọdún, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kéde ogun àti àlàáfíà, níbẹ̀ náà ni ará ìlú ti ń fojú kan ọba wọn. Bí ìlú bá ní akọni tí wọn kò fẹ́ gbàgbé, wọ́n lè ri ohun kan mọ́lẹ̀ tí yóò dúró fún un. Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ní Ilé-Ifẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀: òkúta gíga kan tó ju mítà 5 lọ, tí wọ́n kan ìṣó irin mọ́ lára. Orúkọ Ọ̀rànmíyàn tí a ń pè é, ẹnu àwọn ará Ifẹ̀ ni a ti gbọ́ ọ, láti ìran dé ìran.

Ẹ̀kọ́ pàtàkì wà nínú èyí. Òkúta fúnra rẹ̀ kò lè rántí ẹnikẹ́ni. Ènìyàn ló ń rántí. Òkúta kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Lọ́jọ́ tí ẹnu bá pa mọ́, òkúta á di òkúta lásán, ère á sì di ibi tí ẹyẹ ń bà sí. Ojú yìí ló yẹ ká fi wo gbàgede tó wà ní Oníkàn. Kò bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ojúde ọba, nítorí pé Ìgá Ìdúngànràn tí í ṣe ààfin Èkó kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀, láti ọwọ́ ọba ni ilẹ̀ rẹ̀ ti kúrò.

Ilẹ̀ Dòsùmú, ẹṣin òyìnbó

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ojú omi àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó. Wọ́n lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, wọ́n sì dá Akítóyè padà. Nígbà tí Akítóyè wàjà ní 1853, Dòsùmú ọmọ rẹ̀ gorí ìtẹ́. Ọba yìí jẹ ní àkókò tó ṣòro púpọ̀. Aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti jókòó sí Èkó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń wúwo sí i lójoojúmọ́. Ní 1859, Dòsùmú yọ̀ǹda ilẹ̀ tí gbàgede náà wà lórí rẹ̀ lónìí fún àwọn òyìnbó. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, pẹ̀lú ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lójú omi, Dòsùmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ gbogbo Èkó di ti ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó dára kí olùkọ́ kọ ọdún méjèèjì yìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lójú pátákó. Pápá kan ló kọ́kọ́ bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Gbogbo ìlú ló tẹ̀ lé e.

Orí ilẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣe pápá tí wọ́n ti ń fi ẹṣin sáré ìje. Orúkọ tí àwọn ará Èkó fi mọ ọ́n ni Résì Kọ́ọ̀sì. Ẹṣin kì í ṣe ohun tuntun fún Yorùbá. Àwọn ẹlẹ́ṣin ni agbára ogun Ọ̀yọ́ Ilé, ẹṣin sì ni ọba àti ìjòyè fi ń ṣe ẹ̀yẹ títí dòní. Ohun tó yàtọ̀ ní Èkó ni pé ẹni tó ní pápá ló ní àṣẹ. Lẹ́bàá pápá yìí kan náà ni ìjọba òyìnbó dá ilé ẹ̀kọ́ King's College sílẹ̀ ní 1909. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà lè fojú rí eré tí àwọn tó ń ṣàkóso ìlú ń ṣe, àti ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀yẹ fún ara wọn. Àmọ́ àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: bó pẹ́ títí, ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀.

Òru tí àsíá yí padà

Ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1960, èrò kún Résì Kọ́ọ̀sì bámúbámú. Ọmọbìnrin ọba, Alexandra ti Kent, ló ṣojú Ọbabìnrin Elizabeth Kejì. Nígbà tí ó di ọ̀gànjọ́, wọ́n paná. Nínú òkùnkùn yẹn ni wọ́n ti sọ àsíá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀. Nígbà tí iná máa tàn padà, àsíá aláwọ̀ ewé àti funfun ló wà lókè. Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, níbẹ̀ náà ni Abubakar Tafawa Balewa, olórí ìjọba, ti gba ìwé àṣẹ òmìnira, tó sì bá orílẹ̀-èdè tuntun náà sọ̀rọ̀.

Ọmọ Yorùbá ló ya àwòrán àsíá yẹn. Táíwò Akínkúnmi, tí wọ́n bí ní Ìbàdàn ní 1936, ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù nígbà tó rí ìkéde pé ìjọba ń wá ẹni tí yóò ya àsíá. Ó ya tirẹ̀, ó fi ránṣẹ́, wọ́n sì mú un. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn òmìnira, àsíá rẹ̀ wà lórí gbogbo ọ́fíìsì ìjọba àti gbogbo ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ ọkùnrin náà. Ó kú ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2023. Ó lé ní ọdún kan kí wọ́n tó sin ín, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Ẹni tó bá dúró ní gbàgede náà tó sì gbójú sókè wo àsíá, ó yẹ kó rántí ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń fi àwọ̀ ewé kun bébà.

Olùkọ́ tó di olórí ìjọba

Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ pé orúkọ ìlú ni Tafawa Balewa. Abubakar ni orúkọ ọkùnrin náà. Tafawa Balewa ni ìlú tí wọ́n ti bí i ní 1912, ní agbègbè Bàúchì. Gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn ará Òkè Ọya, orúkọ ìlú ẹni a máa tẹ̀ lé orúkọ ẹni. Nítorí náà, gbàgede tó wà láàárín Èkó ń jẹ́ orúkọ ìlú kékeré kan tó jìnnà réré sí òkun.

Olùkọ́ ni kó tó di olóṣèlú. Ó kàwé ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Katsina, ó padà sí Bàúchì, ó sì ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé níbẹ̀. Ìjọba rán an lọ sí Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ sí i nípa iṣẹ́ olùkọ́ ní àárín àwọn ọdún 1940. Òǹkọ̀wé sì ni pẹ̀lú. Ní àwọn ọdún 1930, ó kọ ìtàn àròsọ kan ní èdè Hausa tó pè ní Shaihu Umar. Ìtàn ọmọ kan tí wọ́n jí gbé, tí wọ́n sì kó lọ sí oko ẹrú títí dé Íjíbítì, àti ti ìyá rẹ̀ tó dìde láti wá a kiri, ni ìwé náà sọ. Ìwé yìí ti wà kí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà tó jáde ní 1938. Nítorí náà, àwọn méjèèjì jẹ́ ara ìran kan náà: olùkọ́ tó gbà pé èdè abínibí lè gbé ìtàn tó tó ìtàn. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá mọ èyí nígbà tó bá ń ka orúkọ náà lára ògiri ní Oníkàn.

Ní 1957 ni Balewa di olórí ìjọba àpapọ̀. Ọdún márùn-ún àti oṣù díẹ̀ ló fi ṣe é lẹ́yìn òmìnira. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1966, àwọn ológun kan dìtẹ̀ gbàjọba. Wọ́n pa Ahmadu Bello ní Kàdúná, wọ́n pa Ládòkè Akíntọ́lá ní Ìbàdàn, wọ́n sì mú Balewa nínú ilé rẹ̀ ní Èkó. Fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kò sí ẹni tó mọ ibi tó wà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí òkú rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ láti Èkó sí Abẹ́òkúta, ní tòsí Ìfọ̀. Bàúchì ni wọ́n gbé e lọ sin.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwọn ará Ìfàkò-Ìjàyè gan-an nìyí. Ọ̀nà Abẹ́òkúta kì í ṣe ọ̀nà àjèjì sí wọn. Òun ni wọ́n ń gbà kọjá ní Àbúlé Ẹ̀gbá àti Ìjàyè, òun ni ọkọ̀ tó ń lọ sí Sàngó Ọ̀tà àti Ìfọ̀ ń tọ̀. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń rìn lẹ́bàá ọ̀nà yẹn láràárọ̀ lè rò pé ìtàn Nàìjíríà ṣẹlẹ̀ ní erékùṣù Èkó nìkan tàbí ní Àbújá. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Olórí ìjọba tó gba òmìnira ní Résì Kọ́ọ̀sì, ọ̀nà ìwọ̀ oòrùn àríwá Èkó yìí ni wọ́n ti rí òkú rẹ̀.

Ẹṣin mẹ́rin, idì méje

Ní 1972, lábẹ́ ìjọba ológun Yakubu Gowon, wọ́n kó ohun èlò eré ẹṣin kúrò, wọ́n sì kọ́ gbàgede tuntun sórí pápá náà. Ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó bíi hẹ́kítà 14 àti ààbọ̀, ó sì lè gba nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 50 ènìyàn. Àkókò yẹn ni owó epo rọ̀bì ń wọlé, tí ogun abẹ́lé sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ìjọba fẹ́ ibi tí ológun ti lè yan, tí gbogbo ayé yóò sì rí i pé Nàìjíríà ṣì wà ní ọ̀kan.

Ère tó wà ní ẹnu ọ̀nà ni ojú gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń bá pàdé. Ẹṣin funfun mẹ́rin ràgàjì ló wà lókè, pẹ̀lú idì pupa méje. Ẹni tó bá mọ àmì orílẹ̀-èdè wa yóò mọ ibi tí wọ́n ti mú wọn. Nínú àmì náà, ẹṣin funfun méjì ló di asà dúdú mú ní ọ̀tún àti ní òsì. Ìlà funfun méjì tó pàdé lórí asà náà dúró fún Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé. Idì pupa ló bà sí orí. Ẹṣin dúró fún iyì, idì dúró fún agbára.

Bí a bá wò ó dáadáa, ẹṣin wọ̀nyí ń sọ ìtàn méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò mọ Résì Kọ́ọ̀sì yóò rí àmì orílẹ̀-èdè nìkan. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò rántí àwọn ẹṣin tó sáré lórí ilẹ̀ kan náà lábẹ́ àwọn òyìnbó. Wọ́n lé ẹṣin alààyè kúrò, wọ́n sì gbé ẹṣin ère dúró. Ohun tó jẹ́ eré àwọn aláṣẹ di àmì iyì gbogbo ìlú. Àtúnṣe tó mọ́gbọ́n wá nìyẹn, nítorí pé a kò pa ìtàn àtijọ́ rẹ́ pátápátá. A kàn fún un ní ìtumọ̀ mìíràn ni.

Nàìjíríà nìkan kọ́ ló ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ní Akirá, olú ìlú Gánà, Kwame Nkrumah kọ́ gbàgede Ìràwọ̀ Dúdú ní 1961, ó sì gbé ẹnubodè òmìnira kalẹ̀ níbẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì hàn kedere. Ti Gánà, ẹni tó gba òmìnira ló kọ́ ọ nígbà tó ṣì wà lórí oyè. Ti Èkó, àwọn ológun ló kọ́ ọ, ó sì ń jẹ́ orúkọ olórí ìjọba tí àwọn ológun mìíràn gbẹ̀mí rẹ̀. Bí olùkọ́ bá fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ jiyàn lórí kókó kan ní kíláàsì, kókó náà nìyí: ṣé ọ̀nà àti tọrọ àforíjì ni orúkọ yẹn, àbí ọ̀nà àti fi òkú bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀? Ìdáhùn méjèèjì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ibi tí wọ́n fi orúkọ Balewa sọ tóbi, kò sì sí bí ará Èkó ṣe lè ṣe é tí kò ní pè é lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bí orúkọ bá ti di lẹ́tà mẹ́ta lẹ́nu awakọ̀, ìtàn tó wà nínú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán.

Gbọ̀ngàn ìrántí

Apá tó ṣe pàtàkì jù lọ ní gbàgede náà kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ẹlẹ́ṣin. Gbọ̀ngàn ìrántí tó wà níbẹ̀ ni, níbi tí wọ́n ti ń rántí àwọn tó kú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, Ogun Àgbáyé Kejì àti ogun abẹ́lé Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1967 tó sì parí ní 1970. Àwọn àgbàlagbà Èkó ṣì ń sọ̀rọ̀ Sọ́jà Ìdúmọ̀tà, ère jagunjagun tó wà ní Ìdúmọ̀tà tẹ́lẹ̀ rí. Ìrántí ogun ti wà ní Èkó tipẹ́. Oníkàn ló wá di ibùjókòó rẹ̀.

Nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n kó ọmọ ogun Nàìjíríà lọ bá àwọn ará Jámánì jà ní Kamẹrúùnù láti 1914 títí di 1916, lẹ́yìn náà wọ́n kó wọn lọ sí Ìlà Oòrùn Áfíríkà. Bí ọmọ ogun ṣe ń lọ ni alárù ń tẹ̀ lé wọn. Àwọn alárù yìí ló ru oúnjẹ, ọta ìbọn àti àpótí gba inú igbó kọjá, àìsàn àti ebi sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nínú Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n kó ọmọ Nàìjíríà lọ sí Bọ́mà láti bá àwọn ará Japan jà, nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọkànlélọ́gọ́rin àti kejìlélọ́gọ́rin ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà.

Ọ̀kan nínú wọn ni Isaac Fadóyèbọ̀, ọmọ Ẹmùrẹ́-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun ní 1942. Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, àwọn ará Japan kọlu ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àfonífojì Kaladan. Ìbọn bà á lẹ́sẹ̀, kò lè dìde. Òun àti ọmọ Sàró kan tó ń jẹ́ David Kargbo ni wọ́n fi sílẹ̀ láàyè nínú igbó. Àwọn ará abúlé kan, tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, ló gbé wọn pamọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, tí wọ́n ń bọ́ wọn títí ogun fi yí. Fadóyèbọ̀ padà wálé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó kọ ìrírí rẹ̀ sílẹ̀, ó sì kú ní 2012. Òun ní oríire. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò padà.

Yorùbá ní àṣà kan fún irú ọ̀rọ̀ báyìí. Láyé àtijọ́, bí ènìyàn bá kú sí ojú ogun tí wọn kò lè gbé òkú rẹ̀ wálé, wọ́n a máa gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ wá fún àwọn ará ilé, kí wọ́n lè rí ohun sin. Ìdí ni pé òkú tí kò délé kò tíì sinmi, ìyá tí kò rí ohun kankan sin kò sì tíì gbà pé ọmọ òun kú. Láti Bọ́mà àti Ìlà Oòrùn Áfíríkà, irun kò wá, èékánná kò wá. Bí a bá fi ojú Yorùbá wo gbọ̀ngàn Oníkàn, ohun tó dúró fún nìyẹn: ibi tí wọ́n ti sin irun àti èékánná tí kò délé.

Ọjọ́ kan, òkú méjì

Tẹ́lẹ̀ rí, ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ni Nàìjíríà ń rántí àwọn ológun tó kú, gẹ́gẹ́ bí àwọn orílẹ̀-èdè tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe, nítorí ọjọ́ yẹn ni Ogun Àgbáyé Kìíní parí ní 1918. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìjọba yí ọjọ́ náà sí 15 oṣù Kìíní, nítorí pé ọjọ́ yẹn ní 1970 ni àwọn aṣáájú Biafra fọwọ́ sí ìwé pé ogun ti parí. Láti ìgbà náà, ní ọdọọdún, gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó a máa lọ sí gbọ̀ngàn ìrántí náà láti fi òdòdó lélẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ 15 oṣù Kìíní kan náà ni wọ́n mú Balewa ní 1966. Ọdún mẹ́rin gééré ló wà láàárín méjèèjì. Ọjọ́ tí ìjì bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó rọ̀ wá di ọjọ́ kan náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, a máa ń gbọ́ ìró fèrè fún ológun tó kú. Orúkọ olùkọ́ tí àwọn ológun mú lọ ní ọjọ́ kan náà wà lára gbàgede yẹn gbàǹgbà, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ayẹyẹ náà wà fún. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí a gba òdòdó kúrò lọ́wọ́ ológun tó kú fún orílẹ̀-èdè. Ohun tó tọ́ ni pé kí olùkọ́ tó bá ń kọ́ ọmọ nípa ọjọ́ náà sọ méjèèjì papọ̀: ológun tó kú kí ìlú lè wà, àti ìlú tó ya nítorí pé àwọn ológun kan fi ìbọn gba àkóso. Ẹni tó bá sọ ọ̀kan tó sì fi èkejì pamọ́, ìdajì ìtàn ló sọ.

Gbàgede tí kò sùn

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991, olú ìlú Nàìjíríà kúrò ní Èkó lọ sí Àbújá. Àwọn kan rò pé gbàgede náà yóò di ahoro. Kò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti búra fún Babájídé Sanwó-Olú gẹ́gẹ́ bí gómìnà ní 2019 àti ní 2023. Níbẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́sìn ti ń ṣe ìpàdé ńlá, níbẹ̀ ni àwọn olórin ti ń kọrin, àwọn tó ń gbá kírìkẹ́ẹ̀tì sì ní pápá níbẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, nígbà tí ìpínlẹ̀ Èkó pé àádọ́ta ọdún, àwọn Ẹ̀yọ̀ tú jáde, wọ́n sì pàdé ní gbàgede náà pẹ̀lú agbádá funfun àti ọ̀pá ọ̀pámbàtà wọn. Ilẹ̀ tí Dòsùmú yọ̀ǹda ní 1859, Adámú Òrìṣà tún padà jó lórí rẹ̀. Ìyẹn pàápàá jẹ́ ìtàn.

Láti Ìfàkò-Ìjàyè dé Oníkàn

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní Ìfàkò-Ìjàyè, Agége àti Ìkẹjà lè rò pé Oníkàn jìnnà sí wọn. Ní tòótọ́, ohun púpọ̀ ló so wọ́n pọ̀. Reluwé tí ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Èkó ní 1896 gba Agége kọjá lọ sí Abẹ́òkúta. Omi ẹ̀rọ tí erékùṣù Èkó kọ́kọ́ mu, Ìjù ni wọ́n ti ń fà á wá, láti ilé iṣẹ́ omi tí wọ́n ṣí ní 1915. Àwọn ará Èkó fi ẹ̀hónú hàn gidigidi nítorí owó omi tí ìjọba fẹ́ máa gbà lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, nígbà tí ẹṣin ń sáré ní Résì Kọ́ọ̀sì, omi Ìjù ló ń ṣàn nínú páìpù lábẹ́ ilẹ̀ erékùṣù. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìfàkò-Ìjàyè fúnra rẹ̀, ní 1996 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ibi tó wà nínú rẹ̀ ti wà nínú ìtàn Èkó ṣáájú ìgbà náà.

Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ ojú irin Èkó tí wọ́n ń pè ní Red Line ti ń gbé èrò láti Agbádó dé Òyìngbò. Akẹ́kọ̀ọ́ lè wọ̀ ọ́ ní Ìjù tàbí ní Agége, kó sọ̀ kalẹ̀ ní Òyìngbò, kó sì wọ ọkọ̀ mìíràn dé TBS. Bí wọ́n bá débẹ̀, kí olùkọ́ má kàn jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò lábẹ́ ẹṣin kí wọ́n sì máa lọ. Kí ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n ka ẹṣin àti idì, kí wọ́n sì fi wọ́n wé àmì orílẹ̀-èdè tó wà lára ìwé wọn. Kí ó kó wọn lọ sí gbọ̀ngàn ìrántí, kí wọ́n dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Nàìjíríà wà nítòsí ní Oníkàn, èyí tí wọ́n ṣí ní 1957. Inú rẹ̀ ni mọ́tò tí wọ́n yìnbọn pa Murtala Muhammed sí ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976 wà. Ẹni tó bá rí gbàgede náà àti mọ́tò náà ní ọjọ́ kan kò ní nílò àlàyé púpọ̀ mọ́ lórí ohun tí ìfipágbàjọba ti gbà lọ́wọ́ wa.

Iṣẹ́ ilé tó dára jù lọ tí olùkọ́ lè fún wọn ni pé kí wọ́n béèrè nílé. Baba ńlá ta ló lọ sí Bọ́mà? Ta ló rántí alẹ́ tí àsíá yí padà? Ta ló wà ní Agége tàbí ní Ìfọ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1966, kí ni wọ́n sì gbọ́? Àwọn tó lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí ń dín kù lọ́dọọdún, ohun tí wọ́n bá sì mú lọ kò sí lára ère kankan. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ ní èdè Yorùbá, kí ilé ìwé sì tọ́jú rẹ̀. Ẹṣin mẹ́rin àti idì méje yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà wọn láìsọ̀rọ̀. Ẹnu ọmọ tó bá mọ̀tàn ni yóò máa sọ ọ́ fún wọn, bí ẹnu àwọn ará Ifẹ̀ ti ń sọ orúkọ Ọ̀rànmíyàn fún òkúta.